Orúkọ Tí Títílọpẹ́ Kò Gbọdọ̀ Pè

Ẹni tó bá sọ fún yín pé bọ́dà tí ìjọba tì pa lọ́dún 2019 kò kan òun, ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Yewa, bọ́dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò. Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ní Ìlárá lọ́hùn-ún, èèyàn lè dáná sí Nàìjíríà kó sì lọ jẹun ní Bẹ̀nẹ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan jókòó sí Àbújá, tó ní òun ti tilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn wo? Àwa tí a bí síbẹ̀ kò rí ilẹ̀kùn kankan rí. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù rí i, wọ́n sì dúró tì í tìbọn-tìbọn.

Títílọpẹ́, ìyàwó Kòkúmọ́ ní agboolé Ọlágúnjú ní Ọjà-Ọ̀dàn, wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn náà há lọ́wọ́. Òkìríkà ló ń tà. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má dé Kùtọnu láti ra bélì aṣọ, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé tó bá gbóòórùn bélì tí wọn kò tíì tú, á sọ fún ọ bóyá ṣẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀ tàbí aṣọ ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà, ọjà tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá ku kóòtù òtútù àwọn òyìnbó, èyí tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Ta ni yóò wọ ìyẹn ní Ọjà-Ọ̀dàn? Ọkùnrin kan ra ọ̀kan, ó fi ń bo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òjò. Òun nìkan ni oníbàárà tó yà síbẹ̀ lóṣù yẹn.

Ọkọ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Pijó ni Kòkúmọ́ fi ń kó èrò lọ sí Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, adìyẹ ti yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò náà. Láràárọ̀, Kòkúmọ́ á jókòó tì í, rédíò létí, á máa retí kí wọ́n ní bọ́dà ti ṣí, á sì máa sọ Faransé sí adìyẹ kí èdè náà má baà dípẹtà lẹ́nu rẹ̀. Adìyẹ náà kì í dá a lóhùn, àmọ́ kò sá fún un mọ́.

Ohun tó ká Títílọpẹ́ lára jù ni gààrí. Òun tó ń bọ́ ilé tẹ́lẹ̀, òun náà ló wá ń gbé abọ́ lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ báyìí. Ìyá kì í bú u o, ká má parọ́ mọ́ àgbà. Á kàn wo gààrí, á wo ìyàwó, á wá mí kanlẹ̀ kó tó bù ú. Mímí yẹn le ju èébú lọ. Títílọpẹ́ máa ń jẹ gààrí náà tán, kò sì ní yó.

Lọ́jọ́ kan, ibà mú ọmọbìnrin rẹ̀, Inúmidùn, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ayétòrò. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màtíròn Mẹ̀dínátù, ló ni ibẹ̀. Wọ́n wá fáìlì ọmọ náà títí, wọ́n rí mẹ́ta tó jọ ọ́, kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó rí i, ibà ti lọ fúnra rẹ̀, ebi ló kù tó ń pa ọmọ. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n ti fi fáìlì Ìyá Ìbejì kan dá Ìyá Ìbejì mìíràn lóhùn, wọ́n sì fẹ́ yẹ oyún wò lára ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé eyín ló ń dùn ún.

"Mo ń wá ẹni tó máa bá mi kó àwọn ènìyàn yìí sínú kọ̀ǹpútà," ni Màtíròn wí, ó jókòó sáàárín òkìtì fáìlì. "Kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ nìkan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tò ni mo fẹ́, tí ẹnìkan kò fi ní di mẹ́ta, tí mẹ́ta kò sì ní di ẹnìkan. Kó lọ kọ́ ọ, kó fi ará ilé tirẹ̀ dánra wò, kó gbé e wá kí n rí i. Bí mi ò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ọdún tó parí, màá ké sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta."

"Màtíròn, ṣé iṣẹ́ olówó oṣù ni?"

"Oṣooṣù ni."

Títílọpẹ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó ti rí ara rẹ̀ tó ń gbé àpò gààrí wọlé, tó ń bù ú fún ìyá ọkọ rẹ̀ láìmí. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó gbàgbé láti béèrè oògùn ibà.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan wà nítòsí ibẹ̀. Gbọ́lá ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó fẹ́ràn ìlànà ju oúnjẹ lọ, ẹni tó bá sì rí bó ṣe rù máa gbà mí gbọ́. Nígbà yẹn, epo bẹntiróòlù ti di ohun àwátì lágbègbè bọ́dà, iná ìjọba sì ń wá bó ṣe wù ú. Nítorí náà, Gbọ́lá kì í tan kọ̀ǹpútà àfi ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tó kù, bébà àti bírò ni. Títílọpẹ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ tó kú, ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ẹnu wá ń yún un.

"Tíṣà, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá kọ́ o. Èyí tí ẹ ń kọ́ wa yìí, mo ṣe é ní piramárì."

"Màmá, ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ṣebí ó máa kọ́kọ́ ya ilé kó tó ra búlọ́ọ̀kù," ni Gbọ́lá fèsì. "Dátábéèsì tí ẹ kò bá yà sórí bébà, inú ẹ̀rọ ló ti máa wó lé yín lórí."

Dátábéèsì. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ há Títílọpẹ́ lọ́fun. Ṣùgbọ́n bí Gbọ́lá ṣe là á yé wọn, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi téèyàn ń kó ọ̀rọ̀ sí létòlétò ni, kó lè rí i nígbà tó bá fẹ́ ẹ. Ó ní àtẹ ni gbogbo rẹ̀. Irú nǹkan kan, àtẹ kan. Ẹnì kan, ìlà kan lórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ kan, ibi kan ṣoṣo, kí ẹ má ṣe kọ ọ́ síbí kí ẹ tún kọ ọ́ sọ́hùn-ún, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe tí ẹ gbàgbé èkejì, ẹ ti di òpùrọ́ nìyẹn.

"Háà, ohun tí mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn," ni Títílọpẹ́ wí. "Tí mo bá tú bélì, ṣẹ́ẹ̀tì lọ sí àtẹ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò lọ sí ti ṣòkòtò. Ẹ̀yin ń fi èyí gba ìwé ẹ̀rí?"

Ẹnu ló yá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé wá tako ẹnu náà. Ó kó gbogbo agboolé Ọlágúnjú sórí àtẹ kan ṣoṣo: orúkọ ìyá, orúkọ ọkọ, yàrá, àìsàn, ọmọ kìíní, ọmọ kejì, ọmọ kẹta, títí lọ. Ibi tó ti kan ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, Àṣìkẹ́, bébà kò gbà á mọ́. Àṣìkẹ́ yìí bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wá fi Ìdòwú lé e. Títílọpẹ́ lẹ bébà mọ́ bébà, ó ká a bí ẹní, ó gbé e há abíyá dé Ayétòrò. Nígbà tí Gbọ́lá tú u, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Tí wọ́n bá tún bímọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mo ra bébà sílẹ̀."

"Ẹni tí kò tíì bí ńkọ́? Gbogbo àyè òfìfo yìí ni ẹ máa tẹ́ síwájú rẹ̀?"

Títílọpẹ́ wo bébà náà, ojú tì í díẹ̀. Gbọ́lá mú bírò. Ó ní kí ìyá má ṣe máa nawọ́ sí ọmọ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa tọ́ka sí ìyá tirẹ̀, ìyá kan náà ló ní, òpó kan, ìyẹn ìlà tó dúró lóòró lórí àtẹ, tó o. Ìyá náà kò gbọdọ̀ ní àtẹ ọ̀tọ̀, nítorí pé ọmọ ẹnìkan lòun náà. Àìsàn ni kó ní àtẹ tirẹ̀. Ẹnì kan lè ní àìsàn bíi mélòó kan, àìsàn kan sì lè mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà kí wọ́n fi àtẹ kékeré kan sáàárín tí yóò máa ṣe alárinà wọn: ẹni báyìí, àìsàn báyìí. Títílọpẹ́ fẹ́ràn alárinà yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun máa rí alárinà tí kì í parọ́.

"Ó ku kọ́kọ́rọ́," ni Gbọ́lá wí. "Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó máa dá a mọ̀, tí kò jọ ti ẹlòmíràn, tí kì í sì í yí padà. Ẹ lọ wá a."

Títílọpẹ́ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ bí kò ṣe ohun tí wọ́n ń pè é? Ó mú bírò, ó yí agboolé ká.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákò, tó bá ti bá a nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ ọ̀wọ̀ ló máa fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, Ìbàdí-Àrán ni Títílọpẹ́ ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, Akọ̀wé ni, nítorí jígí ojú, àmọ́ bàbá yẹn kò mọ A yàtọ̀ sí B. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àṣìkẹ́, ìyẹn náà ka tirẹ̀ sílẹ̀. Inúmidùn tó ti wà nílé kí Àṣìkẹ́ tó wọlé, Ìbàdí-Àrán ni Àṣìkẹ́ ń pè é. Kòkúmọ́ tó ń sọ Faransé sí adìyẹ, Akọ̀wé ni. Ìyá ọkọ wọn wá ń jẹ́ Ìyá Àgbà lẹ́nu ìyàwó kan, Ìyá Rere lẹ́nu òmíràn, Màmá Ìjọ lẹ́nu ẹ̀kẹta. Títílọpẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gbọ́lá tan ẹ̀rọ, Títílọpẹ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà tó tẹ Ìbàdí-Àrán kejì, ẹ̀rọ kọ̀, ó ní onítọ̀hún ti wà níbẹ̀. Títílọpẹ́ rò pé ẹ̀rọ ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ ọjọ́ orí tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Nígbà tó parí, Gbọ́lá ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo ènìyàn jáde.

Agboolé Ọlágúnjú ti dàrú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti di obìnrin mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bí Kòkúmọ́. Akọ̀wé ti ní ìyàwó méjì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbàdí-Àrán ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wà ní piramárì, ó ní làkúrègbé, ó sì ti bí ọmọ márùn-ún. Gbọ́lá ka ìlà yẹn, ó gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Títílọpẹ́ rò pé ẹkún ló ń sun.

"Màmá, kí ni orúkọ wọn gan-an? Ẹni tó ní làkúrègbé."

"Tíṣà, ṣé kí n wá pe ọkọ mi lórúkọ ni?"

"Ẹ má pè é. Ẹ kàn kọ ọ́."

"Kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tó fi ọwọ́ pè é ti pè é."

Gbọ́lá náà ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó mọ ibi tí kò yẹ kóun tì í dé. Ó ní, bí wọ́n bá tilẹ̀ pe orúkọ gan-an, kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. "Táíwò mélòó ló wà nílé yín?"

"Ti Àṣìkẹ́ nìkan, méjì."

"Ẹ ò rí i? Orúkọ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà kò ní ìtumọ̀, kò ní oríkì, kò sí àna tó máa bínú sí i."

Irọ́ ló pa. Gbọ́lá kò tíì gbéyàwó, kò mọ ohun tí àna lè bínú sí. Títílọpẹ́ padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, ó ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà bó ṣe ń rí wọn. Ìdòwú ọmọ Àṣìkẹ́, tó jókòó sílẹ̀ tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, ló kọ́kọ́ rí, ó sì fún un ní ení. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sùn lọ́wọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó fi máa jí, ó ti di mẹ́tàdínlógún.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni Ìyá wí, ó ń so gèlè. "Ta ló rán ọ pé kó o máa ka àwọn ọmọ mi bí ẹní ń ka iṣu?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò kà wọ́n o, nọ́ńbà ni mo fún wọn."

Ìyá rò ó wò. "Èwo ni tèmi?"

"Mẹ́tàdínlógún, Ìyá."

"Ta ló wá wà ní ipò kìíní?"

Títílọpẹ́ wo ilẹ̀. Ìdòwú, tí iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí ìyá bàbá rẹ̀.

Ìpàdé ẹbí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìyá ní òun kò lè wà lẹ́yìn ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kòkúmọ́ yọ jígí ojú, ó ní bí Ìyá bá tilẹ̀ gba ipò kìíní, èjì tọ́ sí òun gẹ́gẹ́ bí àrẹ̀mọ, kì í ṣe ìyàwó kankan. Àṣìkẹ́ ní ọmọ òun kò ní fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ṣebí ẹnu ni wọ́n fi ní nọ́ńbà kò ní ìtumọ̀. Kòkúmọ́ fi Faransé dá sí i, wọ́n ní kó lọ bá adìyẹ rẹ̀. Títílọpẹ́ jókòó sáàárín wọn, ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́, nítorí oṣù Ọ̀pẹ ti wọlé, ó sì ń rí ọmọ Abẹ́òkúta yẹn tó ń di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tó rò ó fún Gbọ́lá, Gbọ́lá di orí mú. "Màmá, mo ní kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀. Ẹ̀yin ti sọ ọ́ di oyè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa mú un bó ṣe wù ú." Ẹ̀rọ bá ń ju nọ́ńbà ńláńlá jáde, kò sí ení, kò sí èjì, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó ṣáájú. Inú gbogbo ilé rọlẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè ní wọ́n ka àwọn, nítorí ta ló ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹgbẹ̀rún? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wò ó fínnífínní, nọ́ńbà Ìyá ló tóbi jù nínú gbogbo agboolé. Gbọ́lá ní kò ní ìtumọ̀. Ìyá ní ó ní.

Ó wá ku òpó orúkọ. Gbọ́lá ti ní nọ́ńbà ni kọ́kọ́rọ́, àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, nítorí ilé ìwòsàn kò lè pe nọ́ńbà kó wá gba abẹ́rẹ́. Títílọpẹ́ mú ọkọ rẹ̀ dání lọ sí Ayétòrò. Òun kọjú sí ògiri, Kòkúmọ́ ń tẹ orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń tẹ iná pa. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé, Bàbá Inúmidùn?"

"Kò sí nǹkan. Màmá ni."

"Orúkọ wọn ni wọ́n ń béèrè."

"Mo ní Màmá ni," ni Kòkúmọ́ tún wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ojú ń tì í. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn náà ní Màmá. Wọ́n kọ Màmá síbẹ̀, ẹ̀rọ gbà á, wọ́n sì relé.

Ní ọjọ́ tí Títílọpẹ́ fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ fún Màtíròn, Ìyá ti wọ bàtà kí ìyàwó tó jí. Ó ní òun ń tẹ̀ lé e, òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí wọ́n kó òun sí. Ọ̀kadà kan ṣoṣo gbé àwọn méjèèjì, Ìyá jókòó sáàárín, ó ń pàṣẹ fún ọlọ́kadà láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Ayétòrò. Títílọpẹ́ kò gbọ́ nǹkankan nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òní bá bàjẹ́, gààrí àti mímí ló kù fún òun.

Màtíròn fi jígí sójú, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ó nàka sí orúkọ Àṣìkẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí Títílọpẹ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ han òun. Wọ́n jáde, márààrún, kò sí bébà tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ta ló ní làkúrègbé. Alárinà mú obìnrin kan ṣoṣo jáde, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé. Inúmidùn wà láàyè ara rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ pé. Màtíròn ń mi orí. Ó yíjú sí arúgbó tó jókòó lórí bẹ́ńṣì.

"Fi ti Màmá wọ̀nyí hàn mí."

Títílọpẹ́ tẹ nọ́ńbà. Ìlà náà jáde. Màtíròn kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Orúkọ: Màmá," ló wí. "Màmá wo? Gbogbo obìnrin tó bá ti bímọ ni Màmá. Bí mo bá kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màmá, ta ni nọ́ọ̀sì mi máa fún? Ohun tí mo ń sá fún gan-an lo tún tò wá bá mi yìí." Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń wá fóònù lábẹ́ bébà.

Títílọpẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ pè. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Màtíròn, ẹ ṣàánú mi. Ọkọ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé."

Màtíròn fi fóònù sílẹ̀. Ó wo Ìyá. "Màmá, kí ni orúkọ tí wọ́n sọ yín?"

Ìyá tó ń pàṣẹ fún ọlọ́kadà láti àárọ̀ tún ìró rẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọn kò bi mí rí," ló wí nígbà tó yá. "Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo bímọ, mo di ìyá ọmọ. Mo dàgbà, mo di Ìyá Àgbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Ìjọ ni. Àwọn tó mọ tèmi ti kú tán." Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan lè máa gbọ́ ọ. "Ifákẹ́mi ni."

Títílọpẹ́ pa Màmá rẹ́. Ó tẹ lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sí ibi mìíràn, bó ṣe yẹ kí ìyàwó rere ṣe. Màtíròn wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan.

"Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pe aláìsàn wọlé. Pè wọ́n kí n gbọ́."

"Màtíròn, ìyá ọkọ mi ni wọ́n."

"Aláìsàn ni wọ́n níbí."

Títílọpẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá. Kò mọ èwo ni kóun bẹ̀bẹ̀ fún, iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ ni àbí àfojúdi tó fẹ́ ṣe. Ìyá fà á lápá.

"Dìde nílẹ̀," ló wí. "Èmi tí mo ni orúkọ ni mo ní kó o pè é."

Títílọpẹ́ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pè é ní ìgbà àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ dé etí òun fúnra rẹ̀. Màtíròn ní òun kò gbọ́. Ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó sì pe orúkọ náà sókè débi pé àwọn aláboyún tó jókòó síta yíjú wò ó.

"Ifákẹ́mi!"

Arúgbó náà ti dìde kó tó pè é tán. "Mo ń bọ̀ o," ló dáhùn, kíákíá, pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Títílọpẹ́ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ọjọ́ Ajé ni kó o wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni Màtíròn wí.

Títílọpẹ́ fẹ́ yíjú láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi í sílẹ̀, ó tún padà lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì bí aláìsàn tí kò tíì kàn.

"Tún un pè," ló wí.